Aago kọ̀ǹpútà fẹ́ẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ akọ̀wé: Aago méjì ọ̀sán ló fi lẹ́tà ránṣẹ́, wọ́n ní aago mọ́kànlá alẹ́ ni

Ká ní omijé ṣeé ná bí owó ni, akọ̀wé tí ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí ìbá ti di olówó ńlá láàárọ̀ ọjọ́ tí ọ̀gá ẹ̀ pè é wọlé, tó ní kó lọọ palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́. Ẹ̀sùn méjì ni wọ́n fi kàn án. Wọ́n ní ó pẹ́ kó tó fi lẹ́tà kọ̀ntíráàtì ilé iṣẹ́ wọn ránṣẹ́, wọ́n tún ní ó ń purọ́ pé òun kò pẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọmọ náà kò pẹ́, kò sì purọ́. Aago tó wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń lò ló kó bá a.

Ẹ gbọ́ ọ bí ìtàn, àmọ́ ẹ má fi ṣe àlọ́. Kò sí ọ́fíìsì tí irú ẹ̀ kò ti lè ṣẹlẹ̀, látorí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó títí dé ọ́fíìsì lọ́yà, látorí ilé ìwé títí dé ilé iṣẹ́ tó ń ta símẹ́ńtì. Òmíì tilẹ̀ lè ti ṣẹlẹ̀ kọjá, kí wọ́n má kàn mọ̀ pé aago ló fà á.

Inú oṣù kejì ọdún ni, l'Ékòó. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń ta àga àti tábìlì ọ́fíìsì fẹ́ẹ́ gba kọ̀ntíráàtì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ńlá kan. Àwọn tó fẹ́ẹ́ gbé iṣẹ́ síta ti sọ pé aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ làwọn máa tilẹ̀kùn, pé ẹni tí lẹ́tà ẹ̀ bá dé lẹ́yìn aago mẹ́rin, kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu. Ọ̀gá kọ iye tó fẹ́ẹ́ gbà, ó fi lé akọ̀wé lọ́wọ́, ó ní kó fi ìméèlì ilé iṣẹ́ gbé e lọ.

Laptop tí akọ̀wé yìí ń lò kò tíì pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Tòkunbọ̀ ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ki Windows tuntun sí i nínú ni. Láti ọjọ́ tó ti dé ni aago ẹ̀ kò ti bá ti ẹnikẹ́ni mu. Bí aago ara ògiri bá lu méjì ọ̀sán, aago márùn-ún ìdájí ni kọ̀ǹpútà máa sọ. Ọ̀rọ̀ náà sú akọ̀wé. Lọ́jọ́bọ̀ yẹn gan-an, kó tó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó ní àfi kóun tún un ṣe. Ó pa ibi tí wọ́n kọ "Set time automatically" sí, ó fọwọ́ ara ẹ̀ yí aago náà kúrò ní márùn-ún ìdájí sí méjì ọ̀sán. Ó wo aago ọwọ́ ẹ̀, ó rí i pé méjèèjì bára mu wẹ́kú. Inú ẹ̀ dùn. Ó fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó sì lọọ jẹun.

Ilẹ̀ mọ́, fóònù ọ̀gá dún. Àwọn tó ni kọ̀ntíráàtì ló ń pè. "Ẹ má bínú o, a rí lẹ́tà yín láàárọ̀ yìí, àmọ́ aago mọ́kànlá alẹ́ àná lẹ fi í ránṣẹ́. A ti tilẹ̀kùn nígbà yẹn." Kó má baà di àríyànjiyàn, wọ́n ya fọ́tò lẹ́tà náà, wọ́n fi ṣọwọ́ sí i. Aago mọ́kànlá alẹ́ ló wà lórí ẹ̀ gbàgàdà.

Ni ọ̀gá bá pe akọ̀wé wọlé.

"Aago mélòó lo fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́?"

"Aago méjì ọ̀sán ni, sà."

"Aago mélòó?"

"Aago méjì, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó nínú kọ̀ǹpútà, ó wà níbẹ̀."

Ọ̀gá wò ó, ó bá aago méjì ọ̀sán níbẹ̀ lóòótọ́. Ó tún wo fọ́tò inú fóònù ẹ̀, aago mọ́kànlá alẹ́ ló wà níbẹ̀. Lẹ́tà kan ṣoṣo, aago ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. "Ṣé àwọn tí wọn ò mọ̀ ẹ́ rí ló wá ń parọ́ mọ́ ẹ ni?" Bí ọ̀gá ṣe sọ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ wá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ pé òun rí akọ̀wé lọ́jọ́bọ̀ tó ń yí aago kọ̀ǹpútà. Ó parí! Kíá ni òfófó gba gbogbo ọ́fíìsì kan. Àwọn kan ní ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀ ló lọ, pé alẹ́ ló tó rántí iṣẹ́, ló bá yí aago sẹ́yìn kó lè bo àṣírí. Àwọn kan ní àwọn gbájú-ẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti wọnú kọ̀ǹpútà. Ìyá tó ń ta oúnjẹ nísàlẹ̀ ní ní tòun o, ayé ni, kí ọmọ náà tètè lọọ gbàdúrà.

Ọmọkùnrin tó máa ń bá wọn tún kọ̀ǹpútà ṣe, tó ń wá láti Computer Village, n'Íkẹjà, ló pa gbogbo wọn lẹ́nu mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi akọ̀wé.

"Àǹtí, nígbà tẹ́ ẹ tún aago yìí ṣe, ṣé ẹ wo time zone ẹ̀?"

"Èwo tún ni time zone? Aago ni kò dáa, aago náà ni mo sì tún ṣe."

"Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, àǹtí mi. Aago yẹn kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ tún un ṣe ló tó bàjẹ́."

Ohun tí ọmọkùnrin yìí sọ, ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń jókòó ti kọ̀ǹpútà láti àárọ̀ dalẹ́ ni kò mọ̀ ọ́n. Aago tí ojú ń rí ní ìsàlẹ̀ kọ̀ǹpútà kọ́ ni aago tí kọ̀ǹpútà fi ń ṣiṣẹ́. Nínú lọ́hùn-ún, aago kan wà tí gbogbo ayé jọ ń lò, òun ni kọ̀ǹpútà ń kà. UTC ni wọ́n ń pè é, òun ló gbapò aago Greenwich tí àwọn àgbà mọ̀ sí GMT. Yálà Èkó ni kọ̀ǹpútà wà o, tàbí Tokyo, tàbí Bahia ní Brazil, UTC kan náà ni. Time zone, ìyẹn agbègbè tí aago wọn jọ ń lọ dọ́gba, ló máa ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé wákàtí mélòó ni kó fi kún UTC, tàbí kó yọ kúrò lára ẹ̀, kó tó gbé aago síta fún ẹni tó ń wò ó. Ní Nàìjíríà, wákàtí kan ni wọ́n ń fi kún un, láti January dé December, kì í yí padà.

Laptop akọ̀wé yìí ńkọ́? Time zone Pacific ló wà lára ẹ̀. Ìyẹn ni agbègbè etíkun ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà, níbi tí Los Angeles àti Seattle wà. Redmond tí olú ilé iṣẹ́ Microsoft tó ṣe Windows wà náà kò jìnnà sí Seattle. Bí wọ́n bá ki Windows tuntun sínú kọ̀ǹpútà, tí ẹni tó ń ki í kò sì sọ ibi tó wà fún un, Pacific yẹn ló sábà máa ń mú. Lásìkò òtútù, wákàtí mẹ́jọ ni wọ́n ń yọ kúrò lára UTC níbẹ̀. Ẹ wá ṣírò ẹ̀. Aago méjì ọ̀sán l'Ékòó, aago kan ọ̀sán ni ní UTC. Yọ mẹ́jọ kúrò níbẹ̀, ó di aago márùn-ún ìdájí. Ohun tí kọ̀ǹpútà ń sọ látìgbà tó ti dé ọ́fíìsì nìyẹn. Kò purọ́ rárá, aago tí wọ́n ń lò ní Los Angeles ló ń sọ.

Ìgbà tí akọ̀wé fọwọ́ yí aago sí méjì ọ̀sán, tí kò sì kan time zone, ohun tó sọ fún kọ̀ǹpútà láì mọ̀ ni pé, "Aago méjì ọ̀sán ti lù ní Los Angeles." Kọ̀ǹpútà gbà á gbọ́. Ó dá wákàtí mẹ́jọ padà sórí ẹ̀, ó ní aago mẹ́wàá alẹ́ nìyẹn ní UTC. Bó ṣe di pé kọ̀ǹpútà kan l'Ékòó fi wákàtí mẹ́sàn-án sáré ju gbogbo ayé lọ nìyẹn. Ohun tó kọ sára lẹ́tà náà nìyẹn kó tó gbé e jáde.

Kọ̀ǹpútà àwọn oníkọ̀ntíráàtì, aago Nàìjíríà ló wà lára tiwọn, ó sì pé. Ó gba lẹ́tà, ó rí aago mẹ́wàá alẹ́ UTC lára ẹ̀, ó fi wákàtí kan kún un bó ṣe yẹ, ó di aago mọ́kànlá alẹ́. Ìdí nìyẹn tí akọ̀wé fi rí aago méjì lọ́dọ̀ tiẹ̀, táwọn yẹn sì rí mọ́kànlá. Kò sí òpùrọ́ láàárín wọn. Ká ní wọ́n ṣí lẹ́tà náà lọ́jọ́bọ̀ yẹn kí wọ́n tó lọ sílé ni, wọn ìbá rí i pé lẹ́tà tó ti wà lọ́wọ́ àwọn ń sọ pé alẹ́ lòun máa tó kúrò nílé, wọn ìbá sì mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe aago. Ó kàn ṣe é ní àṣìṣe pé òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n tó ṣí i.

Ọ̀rọ̀ pé aago ibì kan kò bá tibòmíì mu kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan, ó ti pẹ́. Ayé ń yí po lẹ́ẹ̀kan láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, oòrùn kò sì lè wà ní àtàrí gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Láyé àtijọ́, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń fi oòrùn tiẹ̀ ka aago. Ní October 1884 ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè bíi mélòó kan pàdé ní Washington, tí wọ́n fẹnu kò pé Greenwich, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ká ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà á.

L'Ékòó níbí, ìjọba òyìnbó yí aago títí kó tó jókòó. Ní 1905, wọ́n ní kí Èkó máa lo aago Greenwich. Ní 1908, wọ́n dá a padà sí aago oòrùn Èkó, tó fi ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 35 ṣíwájú Greenwich. Nígbà tó di 1914, wọ́n sọ ọ́ di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 1919 ni wọ́n sọ ọ́ di wákàtí kan gbáko, òun náà ni wọ́n ń lò títí dòní. Ẹni tí kò bá gbà pé aago ìjọba àti oòrùn kì í ṣe ọ̀kan náà, kó bi àwọn Mùsùlùmí Èkó. Bí aago bá lu méjìlá ọ̀sán, àsìkò irun àyìlá kò tíì tó, nítorí oòrùn kò tíì dé àtàrí. Ó máa ń tó nǹkan bí aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú 46 kó tó débẹ̀, ó kàn ń lé díẹ̀, ó ń dín díẹ̀ láàárín ọdún ni.

Àwọn tó ń ná ọjà Lomé náà mọ̀ nípa ẹ̀. Tí mọ́tò bá kọjá Sẹ̀mẹ̀ wọ Kútọnu, aago kò yí padà, torí agbègbè kan náà ni Nàìjíríà àti Benin wà. Àmọ́ tó bá ti kọjá Hilacondji wọ Togo, wákàtí kan ti padà sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ló sì rí lọ dé Accra. Ẹni tó bá gbé laptop ẹ̀ dání lọ síbẹ̀, time zone ló yẹ kó yí, kì í ṣe aago. Tó bá fọwọ́ yí aago, ohun tó ṣe akọ̀wé yìí máa ṣe òun náà, kó kàn jẹ́ wákàtí kan ṣoṣo ni.

Àwọn kan wà tó mọ̀ pé time zone wà, àmọ́ tí wọ́n máa mú èyí tí kì í ṣe ti Nàìjíríà. Wọ́n á rí UTC+01:00 níbi tí wọ́n kọ Amsterdam, Berlin àti Rome sí, wọ́n á ní ṣebí wákàtí kan kọ́ nìyẹn. Òótọ́ ni, lásìkò òtútù. Tó bá di Sunday tó kẹ́yìn nínú oṣù March, àwọn ará Yúróòpù máa ń sún aago wọn síwájú ní wákàtí kan, kọ̀ǹpútà tó wà ní Mushin náà á sì bá wọn sún tiẹ̀. Ẹlòmíì á mú London, bóyá torí inú oṣù July ló ń tún un ṣe, tó rí i pé aago London àti t'Èkó jọ ń lọ dọ́gba. Ẹ jẹ́ kó di Sunday tó kẹ́yìn oṣù October, aago ẹ̀ á fi wákàtí kan dín. Ni yóò bá máa wá ẹni tó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà òun, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án.

Ohun kan náà ló ń da ìpàdé ọ̀pọ̀ ẹbí rú. Bàbá tó ń bá ọmọ ẹ̀ ní New York sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wákàtí márùn-ún ni Èkó fi ṣíwájú wọn lásìkò ooru, mẹ́fà sì ni lásìkò òtútù. Sunday kejì oṣù March ni wọ́n ń sún tiwọn síwájú, Sunday àkọ́kọ́ oṣù November ni wọ́n ń dá a padà. Bí time zone bá pé lára kọ̀ǹpútà bàbá àti tọmọ, kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ló máa ṣe ìṣirò yẹn. Tí kò bá pé, bàbá á jókòó ti ìpàdé lásán, ọmọ á sì ní bàbá òun kò yọjú.

Báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà tiẹ̀? Ọmọkùnrin Computer Village yẹn ní ìṣẹ́jú ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, kì í ṣe wákàtí. Kí wọ́n gbé fóònù tí aago ẹ̀ pé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Bí ìṣẹ́jú méjèèjì bá bára mu, tó jẹ́ wákàtí nìkan ló yàtọ̀, time zone ni. Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ yí aago. Bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú ni kò bára mu, tó fi mẹ́ta sáré tàbí tó fi méje lọ́ra, aago kọ̀ǹpútà ló ń yẹ̀, tí kò rí ẹni tọ́ ọ sọ́nà. Bó bá wá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pa kọ̀ǹpútà, tí wọ́n fa wáyà yọ, ló ń padà sí ọdún tó ti kọjá lọ tipẹ́tipẹ́, bátìrì kékeré inú ẹ̀ ló ti kú.

Àtúnṣe time zone kò le. Lórí Windows 10 àti 11, kí èèyàn gbé mouse sórí aago tó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún, kó tẹ bọ́tìnnì ọ̀tún ara mouse náà, kó mú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Adjust date". Níbi tí wọ́n kọ "Time zone" sí, kó wá UTC+01:00 West Central Africa. Kí wọ́n má wulẹ̀ máa wá Lagos lórí Windows, wọn ò ní í rí i, West Central Africa yẹn ni ti Nàìjíríà. Bí ibẹ̀ kò bá gbà kí wọ́n mú nǹkan kan, kí wọ́n kọ́kọ́ pa "Set time zone automatically" tó wà nítòsí ẹ̀. Lẹ́yìn tí time zone bá ti pé ni kí wọ́n tan "Set time automatically", kí wọ́n sì tẹ "Sync now". Time zone ló ń ṣíwájú, aago ló ń tẹ̀lé e. Ẹni tó bá yí i po, iṣẹ́ akọ̀wé yẹn ló ń ṣe. Lórí kọ̀ǹpútà Apple àti ọ̀pọ̀ fóònù, Lagos wà níbẹ̀ ní tiwọn. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì ni, tó sì ń bèèrè ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀gá, kí wọ́n pe ẹni tó ń mójú tó o.

Tí wọ́n bá tẹ "Sync now", kọ̀ǹpútà máa gba orí íntánẹ́ẹ̀tì lọọ béèrè aago lọ́wọ́ àwọn kọ̀ǹpútà tí aago tiwọn pé. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é, NTP ni wọ́n ń pè é. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, David Mills, tó kọ́ni ní University of Delaware, ló gbé e kalẹ̀. 1985 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ ìlànà ẹ̀ jáde, January 2024 sì ni bàbá náà jáde láyé. Ohun kan tún wà o: lẹ́yìn àtúnṣe yìí, kí wọ́n yẹ ìpàdé tí wọ́n ti kọ sínú kàlẹ́ńdà kọ̀ǹpútà wò, torí èyí tí wọ́n kọ nígbà tí time zone kò pé lè ti kúrò ní àyè ẹ̀.

Ti bátìrì ńkọ́? Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, bátìrì kan wà tó rí rìbìtì bí owó onírin, CR2032 ni wọ́n ń kọ sára ẹ̀, agbára ẹ̀ kò ju fóòtì mẹ́ta lọ. Òun ló ń jẹ́ kí aago máa ṣiṣẹ́ nígbà tí kò bá sí iná. Tó bá ti kú, kọ̀ǹpútà kò mọ ọdún tó wà mọ́. Ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ ni kó pààrọ̀ ẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti pa kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì fa wáyà yọ. Kí wọ́n má sì ju ògbólógbòó ẹ̀ sílẹ̀ níbi tí ọmọdé wà. Ọmọ tó bá gbé e mì, ó lè jó o lọ́nà ọ̀fun láàárín wákàtí méjì péré. Ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀.

Bátìrì tó kú yìí ló ń dá ìpayà sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á fẹ́ẹ́ wọ ojú ìwé báǹkì wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà á ní "Your connection is not private", wọ́n á figbe ta pé wọ́n ti fẹ́ẹ́ kó owó àwọn lọ. Bẹ́ẹ̀, ìwé àṣẹ ni ojú ìwé báǹkì ń fi han kọ̀ǹpútà, ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí sì wà lára ẹ̀, bíi láísẹ́ǹsì awakọ̀. Bí ọlọ́pàá kan bá rò pé ọdún 2015 làwọn ṣì wà, tí awakọ̀ fi láísẹ́ǹsì tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn hàn án, ṣé kò ní í ní ayédèrú ni? Bó ṣe rí nìyẹn. Kí wọ́n tún ọjọ́ ṣe, kí wọ́n tún gbìyànjú. Àmọ́ bí ọjọ́ àti aago bá pé, tí kọ̀ǹpútà ṣì ń kìlọ̀, kí wọ́n sá fún un. Kí wọ́n má tẹ nọ́ńbà àṣírí kankan síbẹ̀.

Fóònù náà kò gbẹ́yìn. Àwọn ápù tó máa ń gbé nọ́ńbà mẹ́fà jáde, èyí tó ń yí padà ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 30, aago ni wọ́n fi ń ṣe é. Bí aago fóònù bá fi ìṣẹ́jú bíi mélòó kan sáré, nọ́ńbà tó máa gbé jáde kò ní í bá ohun tí wọ́n ń retí mu, wọn ò sì ní í jẹ́ kí ẹni náà wọlé.

Ibi tó le sí jù ni ti kóòtù. Òfin tó wà fún ẹ̀rí ní Nàìjíríà, Evidence Act ọdún 2011, abala 84, sọ pé kí wọ́n tó gba ìwé tó tinú kọ̀ǹpútà jáde, lára ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn ni pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa lásìkò tọ́rọ̀ kàn. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ fi rìsíìtì tàbí àdéhùn inú kọ̀ǹpútà jà fún ẹ̀tọ́ ẹ̀, tí aago kọ̀ǹpútà náà ti fi wákàtí mẹ́sàn-án tàbí ọdún mẹ́sàn-án yẹ̀, ó ti fún lọ́yà ẹni tó ń bá ṣẹjọ́ ní ọ̀kọ̀ tó máa fi gún un.

Kí ló wá gba akọ̀wé yìí là? Òǹtẹ̀ ni. Lẹ́tà tí wọ́n ń fi síṣẹ́ láyé àtijọ́, ẹni tó kọ ọ́ ló ń kọ ọjọ́ sókè ẹ̀, ó sì lè kọ èyí tó bá wù ú. Àmọ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ ló ń lu òǹtẹ̀ sára àpò ìwé, ẹni tó kọ lẹ́tà kò sì lágbára lórí ìyẹn. Ìméèlì náà bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo kọ̀ǹpútà ńlá tó bá gbà kọjá ló ń lu òǹtẹ̀ "Received" sí i lára, pẹ̀lú aago tiwọn. Ojú lásán kì í rí i, àfi kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn lẹ́tà náà wò.

Ọmọkùnrin yẹn ní kí ọ̀gá pe àwọn oníkọ̀ntíráàtì, kí wọ́n sọ fún ẹni tó ń mójú tó kọ̀ǹpútà wọn kó bá wọn wo ẹ̀yìn lẹ́tà. Wọ́n wò ó. Òǹtẹ̀ kọ̀ǹpútà tiwọn fúnra wọn ló wà níbẹ̀: aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú kan, lọ́jọ́bọ̀. Lẹ́tà náà ti wà lọ́wọ́ wọn fún nǹkan bíi wákàtí méjì kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Wọ́n ní kí ọ̀gá má bínú, àwọn ti dá lẹ́tà ẹ̀ padà sáàárín àwọn tí àwọn máa gbé yẹ̀ wò. Bóyá wọ́n máa gba iṣẹ́ náà tàbí wọn ò ní í gbà á, owó tí ọ̀gá kọ síbẹ̀ ló máa sọ, kì í ṣe aago mọ́.

Ọ̀gá kò bẹ akọ̀wé tààrà, ọ̀gá kì í sábà bẹ̀bẹ̀. Ó kàn yọ owó, ó ní kí wọ́n lọọ bá òun ra oúnjẹ fún un lọ́dọ̀ ìyá tó ní ayé ni. Akọ̀wé tú ẹrù tó ti dì. Kó tó jẹun, ó kọ́kọ́ jókòó ti laptop yẹn, ó yí Pacific kúrò, ó mú West Central Africa, ó tan èyí tó fọwọ́ ara ẹ̀ pa lọ́jọ́bọ̀, ó sì tẹ "Sync now". Aago náà fò lẹ́ẹ̀kan, ó bá ti ara ògiri mu. Àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ fi aago kọ̀ǹpútà dá èèyàn lẹ́bi lọ́fíìsì, kó kọ́kọ́ bi kọ̀ǹpútà náà pé ìlú wo lòun wà.